Eré Tí Kò Sẹ́ni Tó Ń Gbẹ̀yìn: Ìtàn Ẹgbẹ́ Hash àti Ọ̀rọ̀ Eré Sátidé Wa ní Òtu

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ló tún dé. Ẹ fọkàn balẹ̀, n ò wá béèrè owó oṣù ẹgbẹ́ lónìí. Ìtàn ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń lọ, torí ìpàdé gbogbogbòò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ eré Sátidé wa sì wà lára ohun tí a fẹ́ yanjú níbẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, ní ìlú Kuala Lumpur, lórílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Màléṣíà lónìí, àwọn òyìnbó kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé láti sáré. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso tiwa náà. Àwọn tí mo ń sọ yìí kì í ṣe eléré ìdárayá rárá. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n ń jókòó sídìí tábìlì láàárọ̀, wọ́n sì ń mu ọtí bí ẹni mu omi ní ìparí ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn máa sáré kí òógùn lè fa ọtí náà jáde. Ẹni tó ṣagbátẹrù rẹ̀ ni Albert Gispert, oníṣirò owó. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe sárésáré. Ìjókòó àti ẹ̀rín tó ń tẹ̀lé eré náà ló wù ú jù.

Orúkọ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ náà ni Hash House Harriers. Àwàdà ni o. Ilé kan wà tó jẹ́ ti Selangor Club, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé tí wọ́n sì ti ń jẹun. Oúnjẹ ibẹ̀ kì í yí padà, bó ṣe rí lánàá náà ló rí lónìí, ni wọ́n bá ń pe ilé náà ní Hash House. Hash ni ẹran gígé wẹ́wẹ́ tí wọ́n tún dín pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. (Lọ́dọ̀ tiwa ní Òkè-Ògùn, ẹni tó bá jẹ àmàlà láti Mọ́ńdè dé Sọ́ńdè ò ní pè é níyà, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn yẹn ń jẹ kì í ṣe àmàlà.) Harriers sì ni irú ajá tí wọ́n fi ń dọdẹ ehoro. Ajá ọdẹ Ilé Oúnjẹ Kan Náà, ìyẹn ni ká sọ pé orúkọ wọn jẹ́.

Kì í ṣe àwọn ló dá eré náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é tipẹ́. Wọ́n á mú ẹnì kan tàbí méjì pé kí wọ́n ṣe ehoro, wọ́n á fún wọn ní bébà gígé wẹ́wẹ́ sínú àpò, wọ́n á ní kí wọ́n máa sá lọ kí wọ́n sì máa dà á sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, àwọn yòókù tó ṣe ajá á tú jáde tẹ̀lé wọn. Àkọsílẹ̀ eré yìí ní ilé ìwé Shrewsbury ti wà láti 1831. Nígbà tó di 1868, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ojú omi díje ní odò Thames, ní Lọ́ńdọ̀nù, wá nǹkan tí wọ́n lè máa ṣe nígbà òtútù kí ara wọn má baà le, ni wọ́n bá dá ẹgbẹ́ Thames Hare and Hounds sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí dòní.

Tí ọmọ Òtu bá gbọ́ eléyìí, ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Kí ló tún ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ tuntun níbẹ̀? Nígbà ẹ̀rùn, tí ọyẹ́ bá ti mú tí koríko sì gbẹ, tí wọ́n bá dáná sun ìgbẹ́, ta ni kò mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń fi kùmọ̀ àti ajá lé ehoro àti ọ̀yà? Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe ẹkùn mẹ́ran lábẹ́ òṣùpá ti gbàgbé? Ẹnì kan á ṣe ẹkùn, ẹnì kan á ṣe ẹran, orin á máa lọ, bí orin bá sì ti parí, eré dé. Ohun tí òyìnbó ṣe ò ju pé ó gbé ọdẹ lọ sínú eré, ó sì yọ ẹran kúrò nínú ọbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú eré àwọn Hash tí mo fẹ́ ká fara balẹ̀ wò, torí òun ló mú mi jókòó kọ̀wé yìí. Ẹni tó ṣe ehoro á ti lọ ṣáájú, á máa da fúláwà tàbí bébà sílẹ̀ ní ìdí igi, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ní orí àpáta. Àwọn ajá á máa tẹ̀ lé e, ẹni tó bá ti rí ipasẹ̀ á pariwo "On-on!" kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. Tí wọ́n bá dé ibì kan, ipasẹ̀ á dédé dáwọ́ dúró. Ehoro ti fi àmì síbẹ̀ pé kí wọ́n wá a. Gbogbo wọn á wá fọ́n ká, òmíì á gba ọ̀nà odò, òmíì á gba ẹ̀yìn oko. Ehoro tún lè ṣe ipasẹ̀ ẹ̀tàn, tí á lọ jìnnà díẹ̀ tí á sì pa rẹ́. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ló máa ń kọ́kọ́ kó sí i. Ọkùnrin tó ń sá bí ẹṣin á sáré lọ, kò ní rí nǹkan kan, á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ padà. Kó tó dé, ìyá tó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn ti dé oríta, ó ti wòtún wòsì, ó ti rí ipasẹ̀ gidi lábẹ́ igi emi, òun ló wá ń pe "On-on!" báyìí. Ẹni tó wà lẹ́yìn di aṣáájú, aṣáájú di ẹni tó ń lé e bá.

Ẹ ò rí nǹkan? Kì í ṣe pé wọ́n ní kí àwọn tó yára máa dúró de àwọn tó ń falẹ̀, tí á wá dà bí àánú. Inú eré náà gan-an ni wọ́n kó ìdádúró náà sí. Gbogbo wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé pa pọ̀, kò sì sí ẹni tó gbẹ̀yìn tí wọ́n lè nàka sí.

Tí wọ́n bá dé, wọ́n á dúró yíká, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ bàtà tuntun wá, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, inú bàtà náà ni wọ́n á da ọtí sí fún un mu. Ẹni tó bá sáré bí ẹni tó ń díje, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn náà. Wọ́n á fún ara wọn ní orúkọ ẹ̀fẹ̀, orúkọ náà á sì mọ́ wọn lára débi pé ẹlòmíì ò ní mọ orúkọ tí bàbá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣeré lọ nìyẹn títí ogun fi dé. Àwọn ọmọ ogun Jàpáàn wọ Màléṣíà ní oṣù Kejìlá 1941. Gispert wọṣẹ́ ológun, wọ́n sì pa á ní Singapore ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì 1942. Ẹgbẹ́ túká. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Hash káàkiri ayé ló ń ṣe ìrántí ọjọ́ náà.

Ní 1946, àwọn tó ṣẹ́ kù kó ara wọn jọ. Ohun kan tí mo kà tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń sanwó ohun tí ogun bà jẹ́, pé ẹgbẹ́ wọn pàdánù ohun ìní. Kí ni ohun ìní náà? Báàfù onípáànù kan àti àpò àtijọ́ méjì. Ó tán! Ẹgbẹ́ tí gbogbo dúkìá rẹ̀ ò kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ló jí dìde lẹ́yìn ogun, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tó ní kánópì, àga ọgọ́rùn-ún àti jẹnẹrétọ̀ ò lè kó èèyàn mẹ́wàá jọ sí ìpàdé. N ò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan o.

Láti 1948 ni wàhálà mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà nínú igbó, kónílé-ó-gbélé wà ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìjọba ní kí gbogbo ẹgbẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀, ni àwọn aláwàdà wọ̀nyí bá jókòó ní 1950 láti kọ ìdí tí ẹgbẹ́ wọn fi wà. Wọ́n ní kí ara àwọn lè le. Kí ọtí ìparí ọ̀sẹ̀ lè dá lójú àwọn. Kí òùngbẹ gidi lè gbẹ àwọn kí àwọn sì fi bíà pa á. Àti kí àwọn tó ti ń dàgbà nínú àwọn lè gbà pé àwọn ò tíì gbó tó bí àwọn ṣe rò. Ẹ jẹ́ ká fi ọtí sílẹ̀ fún wọn. Ìkẹrin yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn, mo máa padà sí i.

Fún ọdún mẹ́rìnlélógún, bí a bá yọ ẹgbẹ́ kan tó wà fún ìgbà díẹ̀ ní Ítálì lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yìí ló wà. Ní 1962, Ian Cumming dá ìkejì sílẹ̀ ní Singapore. Lẹ́yìn 1970 ló wá tàn bí iná ọyẹ́, àwọn tí iṣẹ́ gbé láti ìlú dé ìlú ló ń gbé e kiri. Lónìí, wọ́n ń lọ sí bí ẹgbẹ̀rún méjì ẹgbẹ́ káàkiri ayé. Wọn ò ní olú ilé iṣẹ́, wọn ò ní ààrẹ àgbáyé, wọn ò díje fún ife ẹ̀yẹ kankan. Wọ́n wà ní Nàìjíríà náà, ní Èkó, Abuja, Enugu, Calabar àti ibòmíràn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Èkó lè ti bá wọn pàdé, kẹ́ ẹ rò pé wọ́n ń lé olè ni.

Ọ̀rọ̀ fúláwà yẹn ti kó bá wọn rí. Ní 2007, ní New Haven lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, méjì nínú wọn da fúláwà sílẹ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan láti fi ṣe ipasẹ̀. Ẹni tó rí i pe ọlọ́pàá. Ẹ rántí pé ní 2001, àwọn kan ti fi ẹ̀tù olóró sínú lẹ́tà níbẹ̀, ó sì pa èèyàn. Wọ́n kó gbogbo oníbàárà jáde, ọlọ́pàá sì mú ehoro méjèèjì.

Amẹ́ríkà nìyẹn o. Ẹ wá ro ti Òtu: kí ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n bá nǹkan funfun ní oríta! Nígbà tí a gbìyànjú eré yìí wò ní Sátidé kan, a mọ̀ pé fúláwà ò ṣe é dà sílẹ̀, torí ẹ̀rù. Ẹnì kan ní ká lo ẹlùbọ́, àwọn ìyá tó wà láàárín wa sì bá a wí tìbínú-tìbínú, iye tí wọ́n ń ta kóńgò ẹlùbọ́ báyìí kọ́ ni èèyàn máa dà sílẹ̀ fún èèrà. A lo eérú, atẹ́gùn gbá a lọ. Bàbá ọdẹ kan ló wá gbà wá nímọ̀ràn pé ká ṣẹ́ ewé tútù sílẹ̀ lójú ọ̀nà bí àwọn ọdẹ ṣe ń ṣe fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n kí àwa ajá tó débẹ̀, àwọn ewúrẹ́ ti jẹ ipasẹ̀ tán. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìntì, tó wà lára wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí eré Sátidé yìí bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa là ń lọ. Ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, àwọn kọ́pà wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn wà níbẹ̀, bàbá tíṣà náà ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ lẹ́yìn. A ó gba ọ̀nà Òkàká lọ díẹ̀, a ó yà sínú oko, a ó padà wá mu ògì gbígbóná. Lẹ́yìn náà ni fóònù wọ ọ̀rọ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, wọ́n ń kọ orúkọ láti ẹni kìn-ín-ní dé ẹni ìkẹyìn sórí gúrúùpù wa, wọ́n ń fi àwòrán ìjàpá sí iwájú ẹni tó gbẹ̀yìn. Eré ni wọ́n pè é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò sí ìyá kankan mọ́. Èmi ni mo lọ bá wọn nílé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló sọ òdodo fún mi, ó ní ọmọ òun tó wà ní Ìbàdàn rí ìjàpá náà lórí fóònù, ó sì pe òun láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní báyìí, ẹ̀gbọ́n wa kan tí Ọlọ́run bù kún ti gbé owó sílẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gidigidi, ilé wọn ò ní dàrú. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí eré náà di ìdíje, kìlómítà mẹ́wàá, kí ẹni kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta máa gba owó lóṣooṣù, kí a sì fi àkókò dí i, kí ẹni tí kò bá tètè dé má ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ní ká wo Okpekpe.

Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká wo Okpekpe. Ìlú kékeré lórí òkè ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, kò ju ìlú wa lọ. Láti 2013 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje kìlómítà mẹ́wàá níbẹ̀, àjọ eré ìdárayá àgbáyé sì ti fọwọ́ sí i, àwọn ọmọ Kẹ́ńyà àti Etiópíà ń wá gba ẹ̀bùn níbẹ̀. Eléyìí gbé orúkọ ìlú náà jáde, inú mi á dùn bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí Òtu. Èkó náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Kejì 2016, gbogbo wa là ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n ìdíje ọjọ́ kan lọ́dún nìwọ̀nyí. Wọ́n ń dí ọ̀nà, dókítà àti ọkọ̀ pàjáwìrì wà nílẹ̀, àwọn tó fi eré sísá ṣe iṣẹ́ ló ń wá. Sátidé mọ́kànléláàádọ́ta tó kù ńkọ́? Ta ni á máa sáré nígbà yẹn? Tí a bá sọ tiwa di ìdíje olóṣooṣù, àwọn ọmọkùnrin márùn-ún kan náà ni á máa pín owó náà láàárín ara wọn, a mọ orúkọ wọn báyìí. Ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ìyá wa ò sí lára àwọn tó máa gba ẹ̀bùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ máa jẹ́rìí mi lórí parkrun. Ní oṣù Kẹwàá 2004, Paul Sinton-Hewitt, tó fara pa tí kò lè sáré mọ́, pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí Bushy Park ní Lọ́ńdọ̀nù láti wá sáré kìlómítà márùn-ún láàárọ̀ Sátidé. Èèyàn mẹ́tàlá ló sáré lọ́jọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, ọ̀fẹ́ ṣì ni dòní tó ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Wọ́n ń ka ìṣẹ́jú níbẹ̀ o, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹnì kan máa ń wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kó sì dé gbẹ̀yìn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n ti yan ẹni ìkẹyìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìtìjú ti tán lọ́rùn àwọn yòókù. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí ju gbogbo ife ẹ̀yẹ lọ.

Kì í ṣe gbogbo ìwà àwọn Hash ló yẹ ká kó o. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ní Kuala Lumpur, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà títí dòní, èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ò ní rí àyè níbẹ̀. Orin tí wọ́n ń kọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni èèyàn ò lè kọ níwájú àna rẹ̀. Ti ọtí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló pọ̀ nínú wa, kúnú, sóbò àti ògì ti tó wa pa òùngbẹ. Ipasẹ̀ àti oríta wọn ni mo fẹ́ ká yá lò.

Àbá tí ẹ̀ka ọ̀dọ́, tàbí ká kúkú sọ pé ìdajì ẹ̀ka ọ̀dọ́, máa gbé wá sí ìpàdé ni pé ká bẹ ẹ̀gbọ́n wa kí owó náà yí ojú díẹ̀. Ká fi ra àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, omi, àti ẹ̀wù tó ń tan ìmọ́lẹ̀, torí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ọkọ̀ ajàgbé ọ̀nà Ìsẹ́yìn kì í wo iwájú ní ìdájí. Ká fi èyí tó kù ṣe ìdíje gidi lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí ẹ̀yin ará Èkó àti Ìbàdàn bá wálé fún ọdún, kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá lè gba ẹ̀bùn wọn lójú gbogbo ayé. Àwọn Sátidé yòókù, ká dá ìwé orúkọ dúró, ká dá ìjàpá padà sínú àlọ́, ká máa ṣe ehoro àti ajá. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní lè wá sí ìpàdé, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí gúrúùpù kí ọjọ́ náà tó pé, ìbáà jẹ́ ẹ gbà pẹ̀lú mi tàbí ẹ ò gbà.

Mo ti padà lọ bá àwọn ìyá náà. Méjì ní àwọn máa wá wò ó. Ehoro ọ̀sẹ̀ yìí ni bàbá tíṣà, wọ́n ti ní àwọn ò ní sọ ọ̀nà tí àwọn máa gbà fún ẹnikẹ́ni, àní fún èmi gan-an. Ewé náà ni wọ́n máa lò. A bẹ gbogbo àwọn tó ń gbé ìhà ọ̀nà Òkàká, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú ewúrẹ́ sílẹ̀ títí di agogo mẹ́jọ.